Ọmọ Ilé-Ìwé Lábẹ́ Ìborùn Ìyá Rẹ̀

Ọjọ́ kan wà tí kò lè tán lọ́kàn mi, bí mo bá tilẹ̀ pẹ́ láyé títí gbogbo irun orí mi á fi funfun. Mo ti ṣe ìgbéyàwó, mo ti gbé àkọ́bí mi jó lọ́jọ́ ìkómọ, mo sì ti gbàgbé ohun tí mo jẹ lọ́jọ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n òwúrọ̀ Sátidé tí mo jókòó sórí itan ìyá mi, pẹ̀lú ṣòkòtò kaki nídìí, tí àwọn àgbà agboolé wa sì tẹjú mọ́ ẹnu mi bí àgbẹ̀ tó ń wo ojú ọ̀run nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ìyẹn ò kúrò níwájú mi rí. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín. Ẹ kàn rọra máa rẹ́rìn-ín o, nítorí àwọn ọmọ mi ti mọ̀wé kà.

Odò-Orò, lẹ́bàá Ìkọ̀lé, ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, láyé ìgbà tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Bàbá mi lóko méjì. Ọ̀kan wà nítòsí ilé, ṣùgbọ́n oko ẹ̀gàn níbi tí kòkó àti iṣu ńlá wà, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá jáde nílé nígbà tí ìrì wà lórí koríko, ìrì á ti gbẹ, òógùn á ti rọ́pò rẹ̀ lára onítọ̀hún, kó tó gbọ́ ohùn ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òkè kan tún wà lójú ọ̀nà tí àwọn obìnrin sọ ní Má-bojú-wẹ̀yìn, nítorí pé ẹni tó bá ru agbọ̀n iṣu tó sì bojú wẹ̀yìn lórí òkè náà, òun pẹ̀lú iṣu ni yóò jọ padà sísàlẹ̀. Àwọn obìnrin ló ń ru ẹrù yìí wálé ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Àwọn ọkùnrin ń rìn níwájú, wọ́n fi àdá kọ́ èjìká, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa bí iṣẹ́ ti pọ̀ tó.

Òfin kan wà ní agboolé wa tí ẹnikẹ́ni ò lè yí padà: abiyamọ kì í ru ẹrù oko ẹ̀gàn. Obìnrin tó bá ní ọmọ lẹ́nu ọmú, ilé ni yóò wà títí ọmọ náà yóò fi já lẹ́nu ọmú. Òfin tó dára ni. Àwọn tó ṣe é kàn gbàgbé láti fi ọjọ́ orí sí i. Wọ́n rò pé ọmọ tó bá lọ́pọlọ á mọ ìgbà tó yẹ kí òun ṣíwọ́. Wọn ò mọ̀ pé wọ́n á bí èmi.

Èmi ni àbíkẹ́yìn ìyá mi. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti wà nílé ọkọ kí n tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ìyá mi fẹ́ràn mi, èmi náà sì fẹ́ràn ara mi. Mo mu ọmú kọjá ìgbà tí ẹgbẹ́ mi fi ṣíwọ́, mo mu ún kọjá ìgbà tí àbúrò ẹgbẹ́ mi ṣíwọ́. Màá ti ibi tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù bọ̀, màá kí àwọn àlejò ìyá mi bó ti yẹ kí ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kí èèyàn, màá béèrè àlàáfíà àwọn ará ilé wọn, lẹ́yìn náà ni màá wá dúró tì í, màá sì béèrè ohun tí mo bá wá. Kì í ṣe pé wọ́n ń gbé mi. Ta ni yóò gbé mi? Eyín iwájú mi ti ń mì.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ìkẹ́ nìkan ló jẹ́ kí ìyá mi gbà fún mi. Ó ní òfì kíjìpá kan tó dúró ti ògiri yàrá rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ń jókòó sí láti àárọ̀ títí ojúmọmọ á fi tán. Gbogbo ìyàwó tuntun láti ọ̀dọ̀ wa títí dé Ọ̀yẹ́ ló ń bẹ̀ ẹ́ kó hun aṣọ tiwọn. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì ń mu ọmú, ọwọ́ rẹ̀ á wà lára òfì. Ọjọ́ tí mo bá ṣíwọ́, orí rẹ̀ á bọ́ sábẹ́ agbọ̀n.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn jù ni ìyálé rẹ̀, Ìyá Délé. Délé ọmọ rẹ̀ ti dàgbà, ó ti wà ní Èkó níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Èyí ni pé Ìyá Délé ni olórí aláàárù ilé wa. Gbogbo Sátidé ló ń gun Má-bojú-wẹ̀yìn, bó bá sì ti sọ ẹrù kalẹ̀ báyìí, ojú mi ni yóò kọ́kọ́ wò.

"Ọkọ mi," á ní, "ṣé o ò tíì yó?"

Màá ní, "Ó kù díẹ̀, mà."

Gbogbo rẹ̀ ń lọ bẹ́ẹ̀ títí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé fi dé. Jàyé, ọ̀rẹ́ mi tó wà ní ilé kejì, ni wọ́n kọ́kọ́ dá kaki fún. Ó wọ̀ ọ́ gba iwájú ilé wa kọjá, ó sì tún padà kọjá. Nígbà tó di ìgbà kẹta, mo ti ń sunkún. Bàbá mi mú mi lọ sí ilé-ìwé. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ti ń yẹ ọjọ́ orí wò nígbà yẹn: kí ọmọ na ọwọ́ ọ̀tún kọjá láàárín orí, kó fi kan etí òsì. Ọwọ́ mi kúrú. Mo wá tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí etí náà lè wá pàdé mi lójú ọ̀nà.

"Gbé orí sókè!" ni Tíṣà wí.

Mo gbé e sókè. Mo na apá títí èjìká mi fi dún. Orí ìka kan ṣoṣo ló bà á, mo sì fi èékánná mú etí náà dání kó má baà sá lọ. Bí mo ṣe di ọmọ ilé-ìwé nìyẹn.

Tíṣà wa jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì láya, ó ní kẹ̀kẹ́ kan tó ń dán ju ojú rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó tò wá bí iṣu nínú abà, ó sì fi pàṣán gbá ẹsẹ̀ ṣòkòtò ara rẹ̀.

"Ibí kì í ṣe ilé ìtọ́jú ọmọ ọwọ́," ó ní. "Ẹni tó bá ń tọ̀ sílé, kó lọ tọ̀ ọ́ tán. Ẹni tó bá sì ṣì ń mu ọmú, ọjọ́ tí mo bá gbọ́ ni màá bọ́ kaki lára rẹ̀ tí màá dá a padà fún ìyá rẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀. Ṣé ẹnì kan wà níbí tó ń mu ọmú?"

Gbogbo kíláàsì ké pé, "Rárá, sà!" Ohùn tèmi ló ròkè jù.

Ní ti òótọ́, láti ọjọ́ yẹn ni mo ti jáwọ́. Ẹ bá mi fi ìyẹn sọ́kàn. Kò sí ewúro, kò sí ìbẹ̀rù òkú, kò sí ọ̀kan nínú gbogbo ohun tí wọ́n fi ń já ọmọ lẹ́nu ọmú. Kaki ló já mi. Mo délé, mo bá ìyá mi nídìí òfì.

"Yèyé, mi ò mu ọmú mọ́ o."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró sínú òwú. "Ṣé inú ń run ọ́ ni?"

"Rárá. Mo ti di ọmọ ilé-ìwé."

Ó dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn. "Ta lo ti sọ fún?"

"N ò sọ fún ẹnì kankan."

"Ìyá Délé ńkọ́?"

"N ò tíì rí wọn."

Ó mí kanlẹ̀. Ó mú mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì náà, ó ń fi ọwọ́ pa mí lórí. "Ta ló ra síléètì rẹ, ọmọ mi?"

"Ẹ̀yin ni."

"Kí ni mo tà?"

"Kíjìpá ni."

"Níbo ni mo ti hun ún? Ṣé lórí òkè Má-bojú-wẹ̀yìn ni?"

Mo ní rárá. Ó wá ṣàlàyé pé òun ò ní kí n mu ọmú o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ohun tí òun fẹ́ kò ju pé ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè, nígbà tí àwọn obìnrin bá péjọ sójúde láti to agbọ̀n fún ọjọ́ kejì, kí n wá jókòó sórí itan òun, kí òun da ìborùn bò mí, kí àwọn èèyàn rí ẹsẹ̀ mi níta. Kí wọ́n ṣáà rí ẹsẹ̀. Fún wàhálà mi, ẹ̀pà yíyan á wà lábẹ́ ìborùn náà.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nígbà náà, ẹ rántí bí àwọn olóṣèlú ti ń pín iyọ̀, tí aráàlú ń gba ti ẹgbẹ́ yìí láàárọ̀, tí wọ́n á sì gba ti ẹgbẹ́ kejì nírọ̀lẹ́. Èmi ti mọ iṣẹ́ yẹn kí n tó mọ ABD. Ìyá mi ń fún mi ní ẹ̀pà kí n lè máa jẹ́ ọmọ ọmú. Ìyá Délé ń fún mi ní ẹran ọ̀yà kí n lè já. Á pè mí wọ yàrá, á ṣí ìkòkò.

"Ọkọ mi, ọmọ ulé-uwé! Ó yẹ kó o ti dàgbà kọjá ọmú. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Màá gé ẹran náà jẹ tán kí n tó fèsì. "Mo ti fẹ́ẹ́ ṣíwọ́, mà. Ó kù díẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ mìíràn, ẹran mìíràn, "ó kù díẹ̀" kan náà. Mo ti rí àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ń gba owó ìjọba láti ṣe títì láti ìgbà náà, ohùn wọn ò yàtọ̀ sí tèmi.

Ìyọnu bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, abẹ́ ìborùn móoru, ẹ̀pà ti tán, oorun sì ń kùn mí. Ohun tí Tíṣà kọ́ wa láàárọ̀ ọjọ́ náà wá sí mi lẹ́nu, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ lórin: "A, B, D, E..." Ìyá mi já mi léèékánná nítan, mo sì ké. Àwọn obìnrin yíjú sí wa.

"Kí ló ṣe ọmọ?" ni Ìyá Délé bi í.

"Ó gé mi jẹ ni mo ṣe já a léèékánná," ni ìyá mi dáhùn. Ó wá tẹ ẹnu mọ́ ihò ìborùn, ó ní, "Ọmọ ọmú wo ló ń ka ABD? Panu mọ́!"

Lẹ́yìn ìyẹn ni Jàyé wá yá síléètì mi. Kò bá mi nílé, ó bọ́ sójúde, ó sì rí ẹsẹ̀ méjì lábẹ́ ìborùn ìyá mi pẹ̀lú etí ṣòkòtò kaki. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí Jàyé bá mọ̀, gbogbo kíláàsì mọ̀ nìyẹn.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ẹsẹ̀ ta nìyẹn?"

Mo yọ orí jáde ní apá kejì kí ìyá mi tó lè sọ ohunkóhun. "Bọ́ọ̀lù mi ni mò ń wá."

"Lábẹ́ ìborùn?"

"Ibẹ̀ ló yí sí."

Jàyé wò mí, ó wo ìyá mi, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wá bọ́ọ̀lù náà nílẹ̀ yí àga ká. Ọmọ dáadáa ni. Títí di òní, kì í tètè fura.

Ẹ̀pà ló tú àṣírí wa. Ẹ̀pà ọ̀sẹ̀ náà yan jù, ó sì le bí òkúta wẹ́wẹ́. Ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè ni, ojúde dákẹ́ rọ́rọ́, mo sì ń jẹun lọ ní tèmi, kò-kò-kò. Ìyá Délé tó ń ká òṣùká lọ́wọ́ dúró. Ó tẹ́tí. Mo tún jẹ ọ̀kan. Kò!

"Ìyàwó," ó pe ìyá mi. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. "Irú ọmú wo ló ń dún kò-kò?"

"Eyín ni, Ìyálé mi. Eyín rẹ̀ ló ń mì."

"Eyín ń mì, ó wá ń dún bí ẹni ń fọ́ ẹ̀kùrọ́?" Ó ju òṣùká sílẹ̀. "Ó tó gẹ́ẹ́. Ọ̀la ká tó lọ oko, kí baálé ilé wá bá wa yanjú uṣẹ́ ulé yìí. Kí ọmọ náà mu ọmú lójú gbogbo wa, láìsí ìborùn. Bó bá mu ún, n ó ru agbọ̀n mi, n ò ní tún sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé. Bí kò bá mu ún, ká ká òṣùká fún ìyàwó."

Bí ẹjọ́ ṣe dé nìyẹn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi jókòó sórí àpótí láàárín ojúde, ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí wọ́n ní kó yan ọ̀kan nínú ojú rẹ̀ méjèèjì. Kò sí ọkùnrin oníyàwó méjì tó fẹ́ràn ìdájọ́. Àwọn àgbà agboolé mélòó kan jókòó tì í. Agbọ̀n àwọn obìnrin tò sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ìyá Délé ti ká òṣùká tuntun kan sílẹ̀, aṣọ tó dára ló sì fi ká a, bí ẹni tó fẹ́ fi ta ẹnì kan lọ́rẹ.

Ìyá mi ti bá mi sọ̀rọ̀ nínú yàrá. "Fẹnu kàn án lásán, ọmọ mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Aṣọ tó wà lórí òfì yẹn, mo ti fẹ́ẹ́ hun ún tán. Òun ni a ó fi ra ìwé kíkà rẹ." Mo wọ kaki mi sídìí láti fún ara mi ní ìgboyà. Àṣìṣe kejì nìyẹn. Àkọ́kọ́ ni pé wọ́n bí mi.

Mo gun orí itan ìyá mi. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ẹ́ kanlẹ̀. Bàbá mi wúkọ́. "Ó dáa. Kó bẹ̀rẹ̀."

Ẹ gbà mí gbọ́, láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé-ìwé, mo ti gbàgbé bí wọ́n ti ń ṣe é. Mo wo ojú ìyá mi. Mo wo ojú àwọn àgbà. Mo dijú, mo ń rọra tẹ orí síwájú bí ẹni tó fẹ́ mu àgbo. Ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni mo gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́, gbín-gbín, tí ohùn kan sì wí lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ẹ ǹlẹ́ níbí o!"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ bí wọ́n ti ń kọ́ wa. Bí Tíṣà bá ti wọlé, ibi yòówù kí ọmọ wà, ohun yòówù kó máa ṣe, kó fò dìde, kó na ara gbọnrangandan, kó sì kí i. Ara mi ti mọ̀ ọ́n ju èmi gan-an lọ. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, mo ti fò kúrò lórí itan, orí mi ti gbá ìyá mi lágbọ̀n, ọwọ́ mi ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́, mo sì ti ń fi gbogbo ọ̀fun ké pé:

"Gúú-dù mọ́níìn, sà! A kí yín káàbọ̀, sà!"

Ara Tíṣà náà sì ti mọ́ ọn. Kò tilẹ̀ tíì wo ibi tí ohùn ti wá tó fi dáhùn pé, "Sìdáànù!"

"Ẹ ṣé, sà!" ni mo wí. Mo sì jókòó. Orí itan ìyá mi ni mo jókòó sí, ojú mi sí ọmú.

Àgbà kan gbé ọwọ́ bo ẹnu. Tíṣà fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ó rọra ṣí fìlà rẹ̀.

"Kí ni mò ń wò yìí?"

"Ẹ káàbọ̀, Tíṣà," ni Ìyá Délé wí. "Ọmọ ọmú wa ni. Oúnjẹ àárọ̀ ló fẹ́ mu."

Tíṣà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò le, ìyẹn ló tún bà mí lẹ́rù jù. Ó ní, "Baba, mo wá láti sọ fún yín ni pé ọmọ yín ni mo yàn láti kàwé níwájú gbogbo òbí ní ìparí ọdún. Òun ló mọ̀ ọ́n kà jù. N ò mọ̀ pé mo ń kọ́ ọmọ ọwọ́." Ó yíjú sí mi. "O sọ fún mi pé rárá. Dìde. Bọ́ kaki náà."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ṣòkòtò náà mú. N ò sunkún. Mo mọ̀ pé bí ìyá mi bá ní mò ń mu ọmú, ilé-ìwé tán nìyẹn títí di ọdún mìíràn, Jàyé á sì ṣáájú mi títí ayé. Bó bá ní n kò mu ún, òfì tán. Òun náà mọ̀ ọ́n.

"Ìyàwó," ni bàbá mi wí, "dáhùn. Ṣé ọmọ yìí ń mu ọmú ni, àbí kò mu?"

Ìyá mi kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ibẹ̀ ló ń wò, níbi tí aṣọ tí kò tíì parí náà na mọ́ra òfì. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé mi kúrò lórí itan, ó dìde, ó sì gbọn ìborùn rẹ̀ sójú gbogbo èèyàn. Èèpo ẹ̀pà àná já bọ́ sílẹ̀ yàà.

"Kò mu ún," ó ní. "Láti ọjọ́ tó ti wọ kaki, kò fẹnu kàn án mọ́. Èmi ni mo ní kó máa jókòó síbẹ̀. Ẹ̀pà ló ń jẹ. Tíṣà, òótọ́ ló sọ fún yín. Ẹ fi kaki sílẹ̀ fún ọmọ mi." Ó rìn lọ sí ibi tí òṣùká Ìyá Délé wà, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó gbé e lérí. "Níbo ni agbọ̀n tèmi wà?"

Mo rò pé wọ́n á pariwo. Ẹ̀rín kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu Tíṣà bí odò tó ya bèbè, ó sì di ẹ̀gbẹ́ mú. Bàbá mi tẹ̀lé e. Àwọn àgbà tẹ̀lé bàbá mi. Ìyá Délé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ìyá mi pẹ̀lú òṣùká lérí, bí ẹni tó rí ohun tó wù ú fún ọjọ́ pípẹ́, tó wá rí i pé kò dùn tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Tíṣà ní kí n máa wọ kaki mi lọ, bàbá mi sì ṣèdájọ́. Ó ní nígbà tó ti hàn pé ọmọ ọmú kò sí nílé mọ́, a jẹ́ pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti wà nílé. Ó tọ́ka sí agbọ̀n kékeré kan ní ìkángun. "Tìrẹ nìyẹn."

Mo tẹ̀lé wọn lọ sí oko ẹ̀gàn lọ́jọ́ náà. Nígbà tí à ń bọ̀, tí a dé orí Má-bojú-wẹ̀yìn, ọrùn ìyá mi ń gbọ̀n. Ó sọ ẹrù, ó jókòó sórí òkúta, ojú ń tì í. Ìyá Délé náà sọ tirẹ̀, ó jókòó tì í. Èmi jókòó sísàlẹ̀ wọn, mo fi iṣu mẹ́ta mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ń gbọ́.

"Ìyàwó," ni Ìyá Délé wí. "Kí ló dé tó o fi lo ẹ̀pà?"

"Ẹ má bínú sí mi, Ìyálé mi."

"N ò bínú. Mo ní kí ló dé tó o fi lo ẹ̀pà? Ẹ̀pà ń dún. Ẹ̀kọ tútù ni mo fún Délé nígbà tiwa."

Ìyá mi rọra yí ojú sí i. "Délé wo?"

"Délé mi. Ó ti ń gba ohùn kejì nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kó tó já lẹ́nu ọmú." Ó fi etí aṣọ nu òógùn ojú rẹ̀. "Ìdí ọ̀ṣọ́ mi ni mo jókòó sí nígbà tirẹ̀. Irun ni mò ń dì fún gbogbo àdúgbò. Ìyá ọkọ wa ló ń ru ẹrù."

"Ìyá Délé!"

"Ta lo rò pé ó kọ́kọ́ dá ọgbọ́n ìborùn?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. N ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìyá mi fi ṣubú mọ́ èjìká ìyálé rẹ̀, tí iṣu kan yọ bọ́ nínú agbọ̀n, tó yí lọ sísàlẹ̀ òkè, tí wọ́n sì rán mi pé kí n sáré lọ gbé e wá. Kí n tó gun òkè padà, wọ́n ti ṣe àdéhùn. Ọ̀sẹ̀ kan, ìyá mi á lọ oko, Ìyá Délé á dúró ti ilé. Ọ̀sẹ̀ kejì, Ìyá Délé á lọ, ìyá mi á wà nídìí òfì. Àdéhùn tó gún régé ni. Kò sí ẹni tó rántí fi tèmi sí i. Nígbà tó bá kan ìyá mi, èmi ni mò ń bá a ru ẹrù, nítorí ọmọ rẹ̀ ni mí. Nígbà tó bá kan Ìyá Délé, èmi náà ni, nítorí ó ní ẹran ọ̀yà tí mo jẹ ṣì wà lọ́rùn mi. Ẹ̀pà tán, ọ̀yà tán, agbọ̀n ò tán.

Ìyá mi hun aṣọ náà parí, ó sì ra ìwé kíkà. Mo kàwé níwájú àwọn òbí ní ìparí ọdún, mi ò ṣi ọ̀rọ̀ kankan pè. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kúrò lórí pèpéle, ohùn Jàyé, tó ti gbọ́ gbogbo ìtàn náà, ké láti ẹ̀yìn pé, "Sìdáànù!" Gbogbo ilé-ìwé gbà á. Orúkọ mi nìyẹn láti ọjọ́ náà, àwọn tí a jọ dàgbà ò tilẹ̀ mọ èyí tí bàbá mi sọ mí.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo sanwó rẹ̀ lórí Má-bojú-wẹ̀yìn. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ ọmọdé níbì kan kó sì jẹ́ àgbà níbòmíràn, kó rí i dájú pé àwọn méjèèjì ò ní ya ilé rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Mo sì tún kọ́ pé ẹni tó bá ń ṣọ́ yín lójú méjèèjì, ẹ kọ́kọ́ bi í bóun ṣe mọ ibi tó yẹ kóun máa wò.

Ìyàwó mi já àwọn ọmọ wa lẹ́nu ọmú kí wọ́n tó rìn dáadáa. Mo dúró, mo wò ó, mi ò sọ ohunkóhun. Ọkùnrin tó ní irú ìtàn tèmi kì í dá sí ọ̀rọ̀ ọmú nínú ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù tó kọjá, ní Ìbàdàn, mo dúró níwájú àwọn ọ̀gá níbi iṣẹ́, mo wọ kóòtù, mo ń fi ohùn ńlá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ pàtàkì kan fún wọn. Ọkùnrin kan tó ní ikùn ńlá yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wá ọ́fíìsì ẹlòmíràn. Ó wò mí, mo wò ó. Jàyé ni!

"Sìdáànù!" ló ké.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti jókòó kí n tó mọ̀.